Àpò Ta Ni Wọ́n Ń Tú?

Àwọn kan a máa ka àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá Amẹ́ríkà, wọn a ní ọ̀daràn ni aláwọ̀ dúdú. Ẹ̀yin òbí, bí ẹran bá sọnù nílé, tó jẹ́ àpò ọmọ ìyálé nìkan ni bàálé ń tú, àpò ta ni yóò ti bá a?

Ní New York lọ́dún 2011, ìgbà 685,724 ni ọlọ́pàá dá èèyàn dúró. Ó lé ní ìdajì tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, tí wọn kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ará ìlú. Bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni wọn kò rí ẹ̀sùn fi kàn. Ìtìjú wọn ńkọ́? Ìyẹn kò sí nínú ìṣirò.

Ní 2013, adájọ́ Shira Scheindlin ní ó lòdì sófin. Nígbà tó di 2014, ìdádúró kò tó 46,000. Ìpànìyàn, tó jẹ́ 515 ní 2011, di 333.