ÌṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: Wákàtí Kan Lórí Òkè

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ti wà lójú ọ̀nà báyìí, ẹlòmíràn ń ka èyí ní gáréèjì, ẹlòmíràn nínú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì nílùú onílùú. Kí Ọlọ́run ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa.

Bíbélì kíkà: Máàkù 6:30-46. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó ka tèmi.

Arábìnrin kan bi mí léèrè lẹ́yìn ìsìn lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní, "Bọ̀dá, kẹ̀kẹ́ ológeere tí ẹ máa ń gbé sí búùtù ọkọ̀ yẹn, ṣé iṣẹ́ lẹ ń bá lọ ni àbí fàájì?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ọ̀rọ̀ náà ò lọ lọ́kàn mi, torí pé ìgbà kan wà tó jẹ́ pé ìdáhùn rẹ̀ ì bá ti tì mí lójú.

Ẹ̀rọ tí ilé ìwòsàn fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ni mò ń tún ṣe. Òní Iléṣà, ọ̀la Àkúrẹ́, ọ̀tunla Adó-Èkìtì. Láti ìgbà tí dókítà ti sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru ni mo ti ń gbé kẹ̀kẹ́ dání. Ẹ̀yin náà mọ ilẹ̀ Èkìtì, òkè ló kún ibẹ̀. Èèyàn ò lè rin ìrìn kékeré kó má gun nǹkan kan.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n ń retí mi nílé ìwòsàn kan ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Mo jí ní kùtùkùtù, mo gbé ọkọ̀ sí Ìtàwúrẹ́, mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n Aláàyè. Ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ kọjá á mọ ohun tí mò ń sọ. Ọ̀nà náà ń lọ́, ó ń gòkè. Ìkùukùu wà nísàlẹ̀ láàárín àwọn òkè bí òwú, orí igi nìkan lo máa rí tó yọ. Mo ní kí n dé kọ́nà kan sí i. Mo tún ní ẹ̀ẹ̀kan sí i. Aago mọ́kànlá ni mo tó dé ibi iṣẹ́.

Wọ́n ní, "Ẹ̀ńjíníà, kí ló dé?" Mo ní táyà ọkọ̀ ló jò lọ́nà.

Wọ́n bá mi kẹ́dùn! Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ibi ìyẹ̀jẹ̀wò bu omi fún mi. Ìyá àgbà kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọn ò tíì jẹun láti àná nítorí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbà lára wọn, ẹ̀rọ tí mo wá tún ṣe ni wọ́n sì ń dúró dè láti aago méje. Ìyá yẹn wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, o kú ewu ọ̀nà o. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí ìjàǹbá." Mo ṣe àmín. Ẹ̀yin ará, mo ti ṣe àmín púpọ̀ láyé mi, èyí tó korò lẹ́nu mi jù nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá wo Máàkù orí kẹfà. Olúwa ti rán àwọn méjìlá lọ ṣiṣẹ́ ní méjì-méjì. Wọ́n ti ìrìn àjò dé, wọ́n ń ròyìn fún un. Èrò ń wọlé, èrò ń jáde, kódà oúnjẹ ò ráàyè wọ ẹnu wọn. Kò bá wọn wí pé wọn ò tíì ṣe tó. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn yà sí ibi tó dá, kí wọ́n sinmi díẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé Kristẹni òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ wá wákàtí kan fún ara rẹ̀ láàárín iṣẹ́, kò ka ibẹ̀ dáadáa.

Ṣùgbọ́n ẹ máa kà á lọ. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi. Kí wọ́n tó gúnlẹ̀, àwọn èèyàn ti fẹsẹ̀ sáré gba orí ilẹ̀, wọ́n ti ṣáájú wọn débẹ̀. Ìsinmi bàjẹ́ nìyẹn! Bó bá jẹ́ èmi ni, ojú mi á ti le. Àánú wọn ló ṣe Olúwa ní tirẹ̀. Ó kọ́ wọn títí ọjọ́ fi lọ, ó bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọkùnrin, ó rán àwọn ọmọ ẹ̀yìn ṣáájú, òun fúnra rẹ̀ sì tú àwọn èrò ká. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ló wá gun òkè lọ láti gbàdúrà. Kò pa òkè tì nítorí èrò, kò sì pa èrò tì nítorí òkè. Èmi, mo pa èrò tì. Ìyá àgbà orí bẹ́ǹṣì yẹn ni èrò tèmi.

Nígbà tí mo tún padà síbẹ̀, mo pe ọ̀gá ibi ìyẹ̀jẹ̀wò sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo jẹ́wọ́ pé táyà kankan ò jò. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Màmá ọjọ́ yẹn béèrè yín. Wọ́n ní ṣé ẹ délé láyọ̀."

N ò ta kẹ̀kẹ́ o. Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń kọ́kọ́ béèrè àkókò tí wọ́n ń fẹ́ mi. Wákàtí tèmi gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀ tàbí kó tẹ̀lé e. Mo máa ń fi fóònù sí aago tí màá yí padà, bó bá sì ti dún, ibi tí mo bá dé náà ni, kódà kí orí òkè ku ìwọ̀nba díẹ̀ níwájú mi. Ó máa ń dùn mí! Mo máa ń bi àwọn ọlọ́kadà àti ẹni tó ń ṣọ́ géètì bóyá ọ̀nà dára, ibi tí wọ́n bá ní kí n má lọ, n kì í lọ. Ìyàwó mi gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tí mo gbà. Akoto ń bẹ lórí, iná ń bẹ lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. (Ajá abúlé nìkan ni n ò tíì rí ojútùú rẹ̀.)

Ẹni tó bá fẹ́ gun òkè, kó tètè ti jíà sí èyí tó fúyẹ́ kí òkè tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá dúró dìgbà tó ń fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́, ṣéènì lè yọ́ tàbí kó já. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, kó máa fa búrèkì méjèèjì díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fa ti iwájú nìkan lójijì, orí ló máa fi balẹ̀.

Mo tún máa ń gbàdúrà níbẹ̀. Kọ́nà kan, orúkọ kan. Èémí kì í jẹ́ kí àdúrà gùn. Mo ti dárúkọ púpọ̀ nínú yín lórí òkè yẹn. Ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ tí a máa ń gbà débẹ̀ náà ni Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ti ń wa ẹ̀rọ tó ń tẹ ojú ọ̀nà ní ọdún 1928, lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, nígbà tó gbọ́ ìpè Ọlọ́run. Wọ́n sin wọ́n sí Ẹ̀fọ̀n ní ọdún 1959. Ẹnu iṣẹ́ ni Olúwa ti bá wọn, wọn kì í ṣe ẹni tó wà nínú ìsinmi.

Ní oṣù kọkànlá tó kọjá, mo ti wọ bàtà tán ní Adó-Èkìtì, ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ ni mo fẹ́ gbà, kí n lọ wo àpáta Olósùnta bí oòrùn ṣe ń yọ. Ọmọkùnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi kanlẹ̀kùn, "Ọ̀gá, ẹ má bínú, òtútù ń mú mi." Ara rẹ̀ gbóná bí iná. Mo bọ́ bàtà, mo gbé e lọ sílé ìwòsàn, mo jókòó tì í títí wọ́n fi fún un lábẹ́rẹ́. N ò ní purọ́, inú mi ò dùn títí di ọ̀sán. Aago márùn-ún kọjá la parí iṣẹ́. Mo lọ wò ó, ó ti ń jẹun, mo wá gbé kẹ̀kẹ́. Ìṣẹ́jú márùndínlógójì péré ni mo rí, n ò dé Ìkẹ́rẹ́, òkè kékeré kan lẹ́yìn ìlú ni mo gùn. Oòrùn ń wọ̀, àwọn ọmọdé ń kí mi, "Ẹ kú ọ̀nà o!" Ó tó mi.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà: Baba, ẹni tó ń rìnrìn àjò iṣẹ́ lónìí, fún un ní àsìkò díẹ̀ láti mí. Bí èèyàn bá sì kanlẹ̀kùn kó tó jáde, má jẹ́ kó ṣe bí ẹni tí kò sí nílé. Rántí ìyá àgbà yẹn níbikíbi tí wọ́n bá wà, kí ara wọn le. Ní orúkọ Jésù. Àmín.