Ǹjẹ́ Owó Lè San Gbèsè Àlejò?

Ọ̀rọ̀ àlejò àti onílé ti pẹ́ láyé. Kò sí àwùjọ ènìyàn kan tí kò ní ìlànà tirẹ̀ lórí bí a ti ń gba àlejò, kò sì sí èyí tí kò ní ohun tí ó ń retí lọ́wọ́ ẹni tí a gbà sílé. Onílé a máa fún àlejò ní omi, oúnjẹ àti ibùsùn. Àlejò a sì máa fi ọ̀wọ̀ àti ìmoore dá a padà. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé ẹni tí ó jẹ́ onílé lónìí lè di àlejò lọ́la. Ṣùgbọ́n oríṣi àlejò kan wà tí ayé òde òní mú wá, èyíinì ni àlejò tí ó sanwó. Àlejò yìí kò mọ orúkọ onílé, kò sì retí pé onílé yóò wá kí òun lọ́jọ́ kan. Owó ni ó fi kan ilẹ̀kùn, owó náà ni ó sì fi wọlé. Ìbéèrè tí ó wá dìde ni pé: nígbà tí àlejò bá ti sanwó tán, ǹjẹ́ ó tún jẹ onílé ní gbèsè kankan?

Àwọn erékùṣù kéékèèké inú òkun Pàsífíìkì wà lára ibi tí ìbéèrè yìí ti hàn kedere jù lọ. Ẹ jẹ́ kí a fi Palau ṣe àpẹẹrẹ. Orílẹ̀-èdè kékeré ni, ó wà ní ìhà ìlà-oòrùn Fílípíìnì. Àwọn erékùṣù rẹ̀ lé ní 300, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ni ènìyàn ń gbé; gbogbo ènìyàn tí ó wà níbẹ̀ kò sì tó 20,000. Àwọn ará Sípéènì, Jámánì, Japan àti Amẹ́ríkà ti ṣàkóso wọn rí, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó gba òmìnira ní ọdún 1994. Ní ọdún 1944, Amẹ́ríkà àti Japan ja ìjà àjàkú-akátá ní Peleliu, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù náà. Àlejò ni gbogbo àwọn wọ̀nyí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó tọrọ àyè kí ó tó wọlé.

Àlejò tí ó ń lọ sí Palau lóde òní kò gbé ìbọn lọ́wọ́; àpò aṣọ ni ó gbé. Ilé ìtura tí ó dé sí wà létí òkun gan-an. Bí ó bá ṣí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ lówùúrọ̀, iyanrìn ni yóò fi ẹsẹ̀ tẹ̀, igi àgbọn yóò ṣíji bò ó, omi ọ̀sà tí ó mọ́ gaara yóò sì tẹ́ rẹrẹ níwájú rẹ̀, pẹ̀lú ẹja aláràbarà nínú rẹ̀. A ó gbé oúnjẹ wá fún un, a ó sì tẹ́ ibùsùn rẹ̀. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí, nítorí ẹni tí ó ṣiṣẹ́ yẹ kí ó sinmi. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2015 nìkan, iye àlejò tí ó wọ Palau lé ní 160,000. Èyí ju ìlọ́po mẹ́jọ àwọn tí ń gbé ìlú náà lọ. Bí àlejò bá pọ̀ ju onílé lọ báyìí, ìwà àlejò kì í tún ṣe ọ̀rọ̀ kékeré mọ́.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, ìjọba Palau gbé ìlànà kan kalẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ṣe àlejò wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀jẹ́. Wọ́n á fi òǹtẹ̀ tẹ ẹ̀jẹ́ náà sínú ìwé ìrìnnà rẹ̀, àlejò á sì fọwọ́ sí i lẹ́nu ibodè. Kì í ṣe ààrẹ ìlú ni wọ́n ń jẹ́ ẹ̀jẹ́ yìí fún, kì í sì í ṣe ẹni tí ó ni ilé ìtura. Àwọn ọmọdé Palau ni wọ́n ń jẹ́ ẹ fún, àwọn ọmọdé náà sì wà lára àwọn tí ó pa ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pọ̀. Àlejò ń ṣèlérí fún wọn pé òun yóò rìn jẹ́jẹ́, òun kò sì ní ba ilé wọn jẹ́.

Àwọn kan lè sọ pé àṣejù ni èyí. Wọ́n á ní àlejò ti sanwó ọkọ̀ òfurufú, ó ti sanwó yàrá, ó ti sanwó oúnjẹ. Láti ọdún 2018 pàápàá, a ti ń fi 100 dọ́là kún owó ọkọ̀ rẹ̀ fún ìtọ́jú àyíká. Kí ni ó tún kù tí a ń béèrè? Ọ̀rọ̀ yìí ní làákàyè nínú, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ya ohun tí a tà sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a kò tà. Owó yàrá ra ibùsùn. Owó oúnjẹ ra oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ibùsùn kọ́ ni àlejò wá wò, nítorí ibùsùn wà nílé rẹ̀. Òkun ni ó wá wò. Ta ni ó sì ta òkun fún un? Òfin ìpìlẹ̀ Palau, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1981, kò gbà kí àjèjì ní ilẹ̀ tàbí omi ibẹ̀ ní ìní; ó lè yá a lò, kò lè rà á. Irú èrò bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá, tí àwọn àgbà rẹ̀ gbà pé àwọn òkú, àwọn alààyè àti àwọn tí a kò tíì bí ni wọ́n jọ ni ilẹ̀. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó gba owó lọ́wọ́ àlejò kì í ṣe òun nìkan ni olówó-gbèsè. Kò lè dárí gbèsè tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan ji ẹnikẹ́ni.

Ohun mìíràn ni pé ìbàjẹ́ kan wà tí owó kò lè tún ṣe. Iyùn tí Yorùbá ń so mọ́ ọrùn fún ẹ̀yẹ ní ọ̀pọ̀ ìbátan nínú òkun Pàsífíìkì. Ẹ̀dá ẹlẹ́mìí kéékèèké ni ó ń fi ara wọn mọ ọ́n díẹ̀díẹ̀, òun sì ni ilé àti ààbò fún ẹja. Ẹsẹ̀ òmùwẹ̀ kan lè fọ́ ohun tí ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó ga. Àwọn ìpara kan tí ènìyàn fi ń dènà oòrùn pàápàá ní èròjà tí ó lè pa á lára. Ìdí nìyí tí òfin Palau fi bẹ̀rẹ̀ sí í lòdì sí wọn ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020. Bí a bá gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tí ó fọ́ iyùn, a ti fi ìyà jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n iyùn kò tíì padà sípò.

Àríwísí kejì lágbára ju ti ìṣáájú lọ. Ẹni tí ó ti fò kọjá òkun, tí ó dúró lẹ́nu ibodè tòun tẹrù, kò lè ṣàì fọwọ́ sí ohun tí a gbé fún un. Ǹjẹ́ ẹ̀jẹ́ tí a jẹ́ báyìí jẹ́ ẹ̀jẹ́? Lóòótọ́, ìfọwọ́sí kò sọ ènìyàn búburú di ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó fi ipá mú àlejò wá. Onílé sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ìlànà ilé rẹ̀ kí àlejò tó wọlé. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ohun tí ẹ̀jẹ́ yìí ń ṣe ni pé ó ń la àlejò lójú. Láti ọjọ́ náà lọ, kò lè sọ mọ́ pé òun kò mọ̀. Iṣẹ́ tí ààlè ń ṣe lóko náà nìyẹn: ààlè kò de olè lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó sọ fún un pé nǹkan yìí ní olúwa. Àwọn ará Palau ní irú àṣà bẹ́ẹ̀ látijọ́. Bul ni wọ́n ń pè é: àwọn ìjòyè a máa ka ìpẹja léèwọ̀ níbì kan títí ẹja yóò fi tún pọ̀. Onílé ló kọ́kọ́ pa ààlè fún ara rẹ̀ kí ó tó pa á fún àlejò.

Àríwísí kẹta ni ó nira jù. Ní ọdún 1998, òkun Palau gbóná kọjá ààlà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ iyùn rẹ̀ funfun, wọ́n sì kú. Epo tí ọkọ̀ òfurufú ń jó wà lára ohun tí ń mú ayé gbóná sí i. Àlejò tí ó rìn jẹ́jẹ́ lórí iyanrìn ti dá kún ìpalára náà kí ó tó débẹ̀. Ṣé kí ó jókòó sílé rẹ̀ ni? Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn kórónà mú kí Palau ti ibodè rẹ̀ ní ọdún 2020, àlejò dáwọ́ dúró, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó gbára lé wọn. Wíwá àlejò ń pani lára, àìwá rẹ̀ náà ń pani lára. Nítorí náà, kí àlejò má ṣe rò pé ẹ̀jẹ́ tí òun jẹ́ wẹ òun mọ́. Ẹ̀jẹ́ náà kì í ṣe ìwé ìdáláre. Ìwé gbèsè ni.

Ó ku ẹnì kan tí a kì í sábà rántí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ ní Palau ni wọ́n wá láti Fílípíìnì. Ẹni tí ó ń tẹ́ ibùsùn àlejò lè jẹ́ àlejò fúnra rẹ̀. Òkun kan náà ni àwọn méjèèjì ń wò, ṣùgbọ́n ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní ọ̀gá, ìkejì ni ó ń gbá ilẹ̀. Bí àlejò olówó bá ń ṣe pẹ̀lẹ́ fún ẹja tí ó sì ń jágbe mọ́ ẹni tí ń gbé omi fún un, ẹ̀jẹ́ rẹ̀ kò jinlẹ̀. Bí onílé náà bá ń ṣìkẹ́ àlejò tí ó mú owó wá, tí ó sì ń rẹ́ àlejò tí ó mú agbára wá jẹ, òun pàápàá kò tíì mọ ohun tí à ń pè ní àlejò.

Èsì ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀ wá ṣe kedere. Owó a máa san gbèsè ohun tí a tà. Kì í san gbèsè ohun tí a fi síkàáwọ́ ẹni. Ìwà nìkan ni a fi ń san ìyẹn. Bóyá èyí ni ìdí tí àwọn ará Palau fi ní kí a jẹ́ ẹ̀jẹ́ náà fún àwọn ọmọdé. Ayé lọjà, ọ̀run nilé: àwọn àgbà Palau pàápàá jẹ́ àlejò lórí ilẹ̀ tí àwọn ọmọ wọn yóò jogún. Bí onílé àti àlejò bá dúró létí òkun kan náà, olówó kan náà ni wọ́n jọ jẹ ní gbèsè, olówó náà kò sì tíì dàgbà tó láti sin gbèsè rẹ̀.