Ọmọ Méjì Nínú Oṣù Ọyẹ́: Ǹjẹ́ Ìdọ́gba Ni Òdodo Bí?

Ìbéèrè kan wà tí kò sí òbí tí kì í dáhùn rẹ̀, ì báà mọ̀wé, ì báà má mọ̀wé. Ìbéèrè náà nìyí: bí ènìyàn bá ní ọmọ méjì, tí ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì tó àwọn méjèèjì, báwo ni yóò ṣe pín in tí kò fi ní jẹ̀bi? Àwọn ọ̀mọ̀ràn ayé ti kọ ìwé púpọ̀ lórí òdodo láàárín ọba àti ará ìlú, láàárín olówó àti tálákà. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó dé ààfin tàbí ilé-ẹjọ́, orí ẹní ìyá rẹ̀ ni ó ti kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní òdodo àti ohun tí à ń pè ní ìrẹ́jẹ. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìlú kan pàtó, kí ọ̀rọ̀ wa má baà máa fò kiri bí ẹyẹ tí kò rí igi bà lé. Bàbáńlá ni ìlú náà, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilẹ̀ ibẹ̀, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni a sì mọ̀ wọ́n mọ́. Nígbà tí oṣù Ọ̀pẹ̀ bá wọlé, èyí tí ó bá Dìsẹ́ḿbà ṣe déédéé, ọyẹ́ a dé láti ìhà aṣálẹ̀ Sàhárà. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ tí ó ru eruku ni. Òwúrọ̀ a tutù, ọ̀sán a gbóná, ètè a là, gìgísẹ̀ a sì là pẹ̀lú. Òrí tí a ṣe láti inú èso igi ẹmì ni ìyá fi ń pa ọmọ lára kí awọ ara rẹ̀ má baà gbẹ. Oṣù yìí kan náà ni iṣẹ́ ń wọ́ tọ iṣẹ́. Ọkà bàbà ti gbó, a ní láti gé e kí a sì kó o sí àká. Iṣu ń bẹ nílẹ̀ tí a ó wà. Ilé-ìwé ti gba ìsinmi, àlejò sì ń ti ìlú ńlá bọ̀ wá ṣọdún.

Kí a wá fi ojú inú wo ìyá kan tí ó ní ọmọ méjì nínú gbogbo kìràkìtà yìí. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, èkejì kò tíì rìn. Ẹ̀yìn kan ṣoṣo ni ìyá náà ní. Bí ó bá pọn àbúrò, ẹ̀gbọ́n yóò fi ẹsẹ̀ rìn nínú òtútù. Bí ó bá gbé ẹ̀gbọ́n, ta ni yóò gbé àbúrò? Kúbùsù kan ni ó wà, kò sì fẹ̀. Owó aṣọ ọdún tó ẹnìkan, kò tó ẹni méjì. Láti ìgbà tí àkùkọ bá ti kọ títí di ìgbà tí iná yóò fi kú lábẹ́ ìkòkò, ìdájọ́ ni obìnrin náà ń dá, bẹ́ẹ̀ ni kò jókòó sórí àga adájọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dáhùn wéré pé ọ̀rọ̀ náà kò le rárá: kí ó pín ohun gbogbo sí ọgbọọgba, ó parí. Ìdáhùn yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwa Yorùbá, tí ìbejì wọ́pọ̀ láàárín wa ju láàárín ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ayé lọ, mọ̀ pé irú aṣọ tí a dá fún Táyéwò ni a ó dá fún Kẹ́hìndé. Bí ọ̀kan bá tilẹ̀ kú, àwọn baba wa a gbẹ́ ère ìbejì. Ìyá a máa wẹ̀ ẹ́, a sì máa fún un ní oúnjẹ bí ó ti ń fún èyí tí ó wà láàyè. Àní òkú pàápàá kò gbọdọ̀ rò pé a rẹ́ òun jẹ. Àwọn Mùsùlùmí mọ ìtàn Bashir, baba Nu'man, ẹni tí ó fún ọmọ kan ní ẹ̀bùn, tí ó sì fẹ́ kí Ànábì ṣe ẹlẹ́rìí sí i. Ànábì bi í bí ó bá ti fún àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù ní irú rẹ̀. Nígbà tí ó ní òun kò ṣe bẹ́ẹ̀, Ànábì kọ̀ láti jẹ́rìí. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì pẹ̀lú kò gbàgbé ẹ̀wù aláràbarà tí Jákọ́bù dá fún Jósẹ́fù nìkan, àti bí ìlara rẹ̀ ṣe sún àwọn ẹ̀gbọ́n Jósẹ́fù débi tí wọ́n fi tà á lẹ́rú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbé ìdáhùn yìí lọ sí Bàbáńlá nínú ọyẹ́, kí a wò ó bóyá yóò dúró. Ọmú ìyá kò ṣeé pín sí ọgbọọgba láàárín ọmọ oṣù mẹ́jọ àti ọmọ ọdún mẹ́rin. Bí ìyá bá bu òkèlè bákan náà fún àwọn méjèèjì, ọ̀kan yóò jẹ ẹ́, èkejì ni yóò há lọ́fun. Bí ó bá ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ẹsẹ̀ rin ìdajì ọ̀nà oko, èyí tí kò mọ ìrìn yóò jókòó sílẹ̀. Ìdọ́gba tí kò wo ojú ẹni tí a ń fún ní nǹkan, ìṣirò ni, kì í ṣe òdodo. Aristotle, ọ̀mọ̀ràn ilẹ̀ Gíríìsì, ti wí ní ohun tí ó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn pé ìjà a máa bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí àwọn tí ó dọ́gba bá gba ìpín tí kò dọ́gba, àti nígbà tí àwọn tí kò dọ́gba bá gba ìpín tí ó dọ́gba. Àwọn baba wa kò ka ìwé rẹ̀ kí wọ́n tó wí pé ìka kò dọ́gba.

Nítorí náà, àwọn mìíràn yóò wí pé àìní ni kí a fi ṣe òṣùwọ̀n: ẹni tí ó bá ṣe aláìní jù ni kí ó gbà jù. Èyí sàn ju ti ìṣáájú lọ, síbẹ̀ ọ̀fìn kan wà nínú rẹ̀. Àìní ọmọ ọwọ́ ní ẹnu. A máa ké. Àìní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a máa dákẹ́. Òbí tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn, ẹni tí ó bá pariwo ni yóò kọ́kọ́ dá lóhùn. Nígbà tí ó bá sì pẹ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí rò pé ẹni tí kò pariwo kò ṣe aláìní ohunkóhun.

Ẹ̀rí èyí kò jìnnà sí wa. Cicely Williams, dókítà obìnrin tí a bí ní Jàmáíkà, ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ìyá àti ọmọ ní Gold Coast, èyí tí a ń pè ní Gánà lónìí. Ní 1933 ó kọ̀wé nípa àìsàn kan tí ń ṣe àwọn ọmọdé: ara wọn a wú, irun wọn a pọ́n, wọn a sì máa joro. Ní 1935 ó kọ orúkọ tí àwọn Gã ń pè é sínú ìwé, kwashiorkor. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí ni àìsàn tí ń mú ọmọ nígbà tí a bá bí àbúrò tẹ̀ lé e. Ẹ kíyè sí ọgbọ́n tí ó wà nínú orúkọ yìí. Dókítà yóò wí pé oúnjẹ tí ń mú ara dàgbà ni kò tó, pé ẹ̀kọ lásán ni ọmọ náà ń mu láìsí ẹ̀wà, láìsí ẹyin, láìsí ẹran; òótọ́ ni ó sì sọ. Ṣùgbọ́n àwọn Gã wo ibi tí àìtó náà ti wá: ọmọ ti kúrò lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀, ẹlòmíràn sì ti gba ipò rẹ̀. Kì í ṣe pé ìyá kórìíra ẹ̀gbọ́n. Ẹni tí àìní rẹ̀ hàn ni ó dá lóhùn.

Àwọn baba wa mọ ewu yìí. Nílẹ̀ Yorùbá, àṣà wà pé kí ọkọ àti aya má ṣe sùn pọ̀ títí ọmọ yóò fi já lẹ́nu ọmú, èyí tí í máa gba ọdún méjì sí mẹ́ta. Èèwọ̀ ni a kà á sí. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, òfin ìpín ni. Ó ń dáàbò bo ìpín ẹni tí ó wà nílé kí ẹni tí ń bọ̀ tó dé.

Bí ìdọ́gba lásán kò bá tó, tí àìní lásán kò sì tó, kí ni ó kù? Ọ̀rọ̀ ogún pínpín lè là wá lójú díẹ̀. Ọ̀nà méjì ni a fi ń pín ogún nílẹ̀ wa: ìdí-igi àti orí-ò-jorí. Nínú ti ìdí-igi, iye ìyàwó tí ó bímọ ni a fi ń pín in. Nínú ti orí-ò-jorí, iye ọmọ. Àwọn amòfin mọ ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, níbi tí olóògbé ti fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Adájọ́ àkọ́kọ́ rò pé orí-ò-jorí ni ó bá òdodo ayé òde òní mu. Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ti ìjọba àpapọ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀ ní 1958. Ìgbìmọ̀ Privy Council ní London sì gbè é lẹ́yìn ní 1962, pé ìdí-igi ni àṣà tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ẹ wò ó: ọ̀nà méjèèjì ni ó ń pe ara rẹ̀ ní ìdọ́gba. Ọ̀kan mú àwọn ìyá dọ́gba, ó sì mú ìpín àwọn ọmọ yàtọ̀. Èkejì mú àwọn ọmọ dọ́gba, ó sì mú ìpín àwọn ìyá yàtọ̀. Kò sí bí a ti lè dọ́gba níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó pa méjèèjì pọ̀: nínú èyíkéyìí tí a bá mú, a kò gbọdọ̀ fo ọmọ kan bí ẹni pé a kò bí i. Lójú tèmi, gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ohun tí ó gbọ́dọ̀ dọ́gba kì í ṣe ìpín, bí kò ṣe bí a ti ka ọmọ kún. Ìpín lè yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí a lè sọ lójú ẹni tí ó gba kékeré, kí ojú má tì wá, kí òun náà sì lè gbà á nígbà tí ó bá gbọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a fi òṣùwọ̀n yìí wọn nǹkan. Ìyá lè wí fún ọmọ ọdún mẹ́rin pé, "Àbúrò rẹ kò tíì mọ ìrìn, nítorí náà ni mo ṣe pọ̀n ọ́n, èmi náà ni mo pọ̀n ọ́ nígbà tí o wà bíi tirẹ̀." Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ọmọ náà lè sunkún, ṣùgbọ́n a kò rẹ́ ẹ jẹ. Ó kù kí ìyá náà jókòó tì í nídìí iná ní alẹ́ nígbà tí àbúrò bá sùn, kí ó gbọ́ ìròyìn ọjọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àánú, gbèsè ni ó ń san. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọbìnrin bá ń ru omi lówùúrọ̀ ọyẹ́, tí arákùnrin rẹ̀ tí ó jù ú lọ ń yáná, kí ni a ó sọ fún un? Pé obìnrin ni? Ìyẹn kì í ṣe ìdí tí ẹnikẹ́ni lè gbọ́ kí ó sì gbà pé a ka òun kún. Ìpín bẹ́ẹ̀ wó níwájú òṣùwọ̀n wa.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a wà ní yunifásítì gbọ̀ngbọ̀n. Ní 1955 ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́. Àwọn Ìgbómìnà tí ó wà ní Ìlá Ọ̀ràngún jàǹfààní rẹ̀, nítorí pé abẹ́ ìjọba náà ni wọ́n wà. Àwọn Ìgbómìnà tí ó wà ní ìhà Bàbáńlá, Òmù-Àrán àti Ẹ̀siẹ̀ wà ní ẹkùn Ìlọrin lábẹ́ ìjọba Àríwá, òfin náà kò sì kàn wọ́n. Ní 1976 ni ìjọba àpapọ̀ tó gbé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kárí gbogbo orílẹ̀-èdè. Ìlà orí àwòrán ilẹ̀ ni ó pín ọmọ ìyá kan náà sí méjì. Nínú irú ọdún bẹ́ẹ̀, òbí tí owó rẹ̀ tó ọmọ kan níláti yan ọ̀kan. Èmi kò dá a lẹ́bi pé ó yàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí a yàn gba ìpín ẹlòmíràn mọ́ tirẹ̀, ìpín ẹlòmíràn kì í sì í di ẹ̀bùn nítorí pé ó ti pẹ́ lọ́wọ́ wa. Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, ta ni ó wà lóko nígbà tí o wà ní kíláàsì? Ta ni ó wọ aṣọ ọdún tó kọjá kí o lè ra ìwé? Bí o bá mọ̀ ọ́n, gbèsè rẹ ti ní orúkọ.

Kí n tó gbé kálámù sílẹ̀, ohun kan kù. A ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹ̀yìn kan náà ni ó wà láyé. Àwọn àgbà wí pé ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í bá a tọ́ ọ. Nígbà mìíràn, kì í ṣe bí a ó ti pín àìtó ni ìbéèrè, bí kò ṣe ẹni tí ó fa àìtó náà. Bàbá tí ó ti oko dé tí ó nà sórí àga, tí ìyàwó rẹ̀ tí àwọn jọ ti oko dé ń dáná tòun tọmọ lẹ́yìn, òun ni ó sọ apá mẹ́rin di méjì. Ìjọba náà kò yọ sílẹ̀. Ní 2025 àwọn agbébọn dààmú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò sì lè lọ sí oko wọn. Níbi tí oko kò bá ti ṣeé lọ nígbà tí ọkà gbó, kò sí ìyá tí ó lè fi ọgbọ́n pín ohun tí kò délé.

Nítorí náà, kí òbí má ṣe fi òru da ara rẹ̀ láàmú pé ìpín kò dọ́gba. Kí ó bi ara rẹ̀ ní ohun mẹ́ta: Ǹjẹ́ mo lè sọ ìdí rẹ̀ lójú ọmọ tí ó gba kékeré? Ǹjẹ́ mo ti ń san gbèsè tí mo jẹ ẹ́? Ǹjẹ́ ẹlòmíràn wà tí ó yẹ kí ó na ọwọ́, tí ó ká ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn? Ẹni tí ó bá lè dáhùn wọ̀nyí láìbojú wẹ̀yìn ti ṣe òdodo, bí ọmọ kan bá tilẹ̀ ń sunkún.