Títí Dìgbà Wo?

Bí ọ̀rọ̀ òṣèlú bá fẹ́ di ìjà láàárín ènìyàn, tí a sì pa ẹnì kan lẹ́nu mọ́, ǹjẹ́ kò yẹ kí a sọ ìgbà tí yóò tún lè sọ̀rọ̀ fún un?

Àwa tí a ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ mọ̀ pé a lè ní kí ọmọ tó ń dàrú kíláàsì lọ kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí tíṣà bá gbàgbé ọmọ náà síbẹ̀ tó lọ jẹun, ìyẹn ti kúrò ní ẹ̀kọ́.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kìíní ọdún 2021, èrò ya wọ ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ní Washington nítorí wọn kò gbà pé Donald Trump fìdí rẹmi nínú ìbò. Ní ọjọ́ kejì, Facebook ti ilẹ̀kùn mọ́ Trump, wọn kò sì dá ọjọ́ tí yóò parí. Ìgbìmọ̀ kan wà tí Facebook gbé kalẹ̀ láti tún irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò. Ní oṣù karùn-ún, ìgbìmọ̀ náà ní ó tọ́ láti pa á lẹ́nu mọ́ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ìjìyà tí kò ní gbèdéke kò sí nínú òfin tí Facebook fúnra rẹ̀ kọ. (A mọ̀ pé àwọn kan nínú wa fẹ́ràn Trump, àwọn mìíràn kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀, ìyẹn kọ́ ni à ń wí.) Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà, Facebook sọ pé ọdún méjì ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Àwọn kan yóò ní bí iná bá ń jó, ta ló ń ka ọjọ́? Òótọ́ ni, omi ni à ń kọ́kọ́ dà sí i. Ṣùgbọ́n iná kì í jó títí ayé.

Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà kan náà yẹn, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé àwọn dá Twitter, tí à ń pè ní X báyìí, dúró; àwọn náà kò dá ọjọ́. Ṣáájú èyí, Twitter ti yọ ọ̀rọ̀ Ààrẹ Muhammadu Buhari kan kúrò, èyí tó ti mẹ́nu kan ogun abẹ́lé, tó sì kìlọ̀ fún àwọn tó ń da ìlú rú. Ọ̀rọ̀ ẹnì kan ni Twitter yọ. Gbogbo ènìyàn ni ìjọba tì í mọ́, títí kan ìyá tó ń fi í tajà tí kò dá sí òṣèlú rí. Ó di ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2022 kí wọ́n tó ṣí i. Ní oṣù keje ọdún náà, ilé ẹjọ́ ECOWAS ní ohun tí ìjọba ṣe lòdì sí òfin.

Ẹ má jẹ́ kí a wo Amẹ́ríkà àti Abuja nìkan. Nígbà ìbò ọdún 2023, ìjà ẹgbẹ́ òṣèlú wọ inú WhatsApp àwọn obìnrin pẹ̀lú. Ẹni tí àkóso wà lọ́wọ́ rẹ̀ a kàn yọ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ le kúrò, ilé a sì tòrò. Ìbò ti lọ, àwọn tó jà fún ẹgbẹ́ òṣèlú ti ń jẹun pọ̀. Àwọn ìyá kan ṣì wà níta, kò sì tíì sí ẹni tó lọ sọ fún wọn bóyá ó ti tó.