Òtítọ́ Tí Wọ́n Rà Pa Mọ́

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Lóde òní, òtítọ́ náà ti ń tà o. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ló ń rà á, wọn ò sì rà á láti lò ó. Wọ́n ń rà á kí wọ́n lè tì í mọ́nú àpótí ni.

Àwa tí à ń ṣiṣẹ́ sọ́fítíwíà mọ ìwé náà dáadáa. Bí òṣìṣẹ́ àti ilé iṣẹ́ bá ń jà, tí àwọn lọ́yà bá wọn parí ẹ̀, owó á jáde, ìwé á tẹ̀lé e. Abala kan nínú ẹ̀ á sọ pé: o ò gbọdọ̀ sọ ohunkóhun tó lè ba ilé iṣẹ́ yìí lórúkọ jẹ́. Bó o bá sọ ọ́, wọ́n lè gbé ẹ lọ sí kóòtù.

Òfin sì ti wà tẹ́lẹ̀ fún ẹni tó bá parọ́ mọ́ni. Ohun tí abala yìí wá fi kún un ni pé ó ń dí òótọ́ gan-an lẹ́nu.

Ṣé ó wá yẹ kí kóòtù mú un ṣẹ? Ẹni tó ní ó yẹ ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ẹni tó gbowó, tó tọwọ́ bọ̀wé, kò yẹ kó yí ohùn padà. Bí ilé iṣẹ́ ò bá sì lè fowó ra àlàáfíà, ó lè kọ̀ láti san kọ́bọ̀, kí òṣìṣẹ́ tí ò lówó lọ́yà máa rìn lọ rìn bọ̀ ní kóòtù fún ọ̀pọ̀ ọdún. A ò sì ní bú ẹni tó gbà á. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Àmọ́ ẹni méjì péré ló tọwọ́ bọ ìwé náà. Ọmọbìnrin tó máa jókòó sórí àga yẹn lóṣù tó ń bọ̀ ò sí níbẹ̀, kò sì gba kọ́bọ̀. Òun ló máa jìyà ìdákẹ́jẹ́ tí wọ́n rà. Èèyàn lè ta ohun tó jẹ́ tiẹ̀, kò lè ta ìkìlọ̀ tó tọ́ sí ẹlòmíràn.

Ifeoma Ozoma tó ṣiṣẹ́ ní Pinterest ti tọwọ́ bọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, lọ́dún 2020, ó sọ̀rọ̀ síta nípa ìyànjẹ tó ní wọ́n hù sí òun níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó dara pọ̀ mọ́ àwọn tó jà fún òfin SB 331 ní Kalifóníà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2022. Òfin náà ò fagi lé gbogbo àdéhùn. Iye owó tí wọ́n san ṣì lè wà ní àṣírí. Ohun tó kọ̀ ni pé kí wọ́n fi ìwé dí èèyàn lẹ́nu lórí ìfìtínà àti ìyànjẹ níbi iṣẹ́.

Ibẹ̀ ló yẹ ká fa ìlà sí. Bí ọ̀rẹ́ méjì tó jọ dá òwò sílẹ̀ bá jà lórí èrè, tí wọ́n sì ṣàdéhùn pé àwọn ò ní bú ara wọn mọ́, kí kóòtù mú ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́. Ìjà wọn ò kan ará ìta. Àmọ́ bí kòtò bá wà lójú ọ̀nà, kò yẹ kí adájọ́ bá ẹnikẹ́ni fi ewé bò ó.

Bí wọ́n bá gbé irú ìwé yìí síwájú yín, ẹ ní kí lọ́yà yín fi gbólóhùn kan sí i: pé kò sí ohun tó dí yín lọ́wọ́ láti sọ òótọ́ nípa ìwà tó lòdì sófin níbi iṣẹ́. Ní Kalifóníà, òfin ló fi dandan lé e. Níbòmíràn, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa béèrè.