Ẹ̀rù Èrò: Ohun Tí Ọ̀sá Méjì Ní Fún Ẹni Tó Fẹ́ Jáde

Láti Ìlaròó dé Ayétòrò, títí kan Ìmẹ̀kọ àti Kétu tó bọ́ sí ìhà Bẹ̀nẹ̀, mi ò mọ ẹni tí àyà rẹ̀ tún yẹ kó já tó ọmọkùnrin tó fẹ́ kọ Ẹ̀fẹ̀, orin òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, fún ìgbà àkọ́kọ́. Òru là ń ṣe Ẹ̀fẹ̀, ní gbangba ọjà, tọmọdé tàgbà ló sì máa ń jáde wá wò ó. Orin tó máa kọ kì í ṣe èyí táráyé ti mọ̀. Ohun tójú ìlú rí lọ́dún náà ló máa fi ṣorin: olóyè tó kówó jẹ, ọkọ tó ń na ìyàwó, ọmọ tó gbàgbé ilé. Ẹni tórin ń bá wí lè jókòó síwájú. Ẹni tó ti kọ Ẹ̀fẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lè dúró sẹ́yìn, kó fọwọ́ lẹ́rán, kó máa tẹ́tí. Àwọn ìyá wa, tí a torí wọn dá Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sílẹ̀, náà wà níbẹ̀. Àwọn àgbà sì ti sọ pé ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran. Láti ọdún 2001 tí UNESCO ti ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ogún tó yẹ kí gbogbo ayé tọ́jú, ojú tó ń wò ó ti ju ti ará ìlú lọ; fóònù ló ń tàn yanran lókè báyìí, àṣìṣe òru kan sì lè dé Kútọnu àti Lọ́ńdọ̀nù kílẹ̀ tó mọ́.

Ẹ̀rù kan náà ló ń ba akẹ́kọ̀ọ́ Polí Ìlaròó tó fẹ́ dúró níwájú kíláàsì fún ìgbà àkọ́kọ́, òun ló ń ba ìyàwó ilé tí wọ́n ní kó wá dárin ní ṣọ́ọ̀ṣì, àti ọ̀dọ́ tó fẹ́ polówó ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tà lọ́jà Ayétòrò. Ẹnu á gbẹ, orúnkún á máa gbọ̀n, ohun téèyàn ti há sórí á sì fò lọ pátá. Ìmọ̀ràn tí wọ́n ń rí gbà kì í sábà ju "má bẹ̀rù" lọ, bí ẹni pé ẹ̀rù jẹ́ aṣọ téèyàn kàn lè bọ́ sílẹ̀. Àwọn mìíràn á ní kí wọ́n lọ mu páràgà díẹ̀. Ìmọ̀ràn burúkú gbáà ni. Ọtí tó pa ìtìjú náà ló ń pa iyè.

Ifá kò gba ibẹ̀ lọ. Nínú Ọ̀sá Méjì, Odù kẹwàá nínú àwọn Ojú Odù mẹ́rìndínlógún, ni àwọn babaláwo ti ń sọ ìtàn tó bí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Àwọn ará Kétu ní ìtàn tiwọn, ṣùgbọ́n ti Ifá yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Ọ̀rúnmìlà ń lọ sí ìlú àwọn ẹlẹ́yẹ, ìyẹn àwọn ìyá wa. Kì í ṣe ibi téèyàn ń wọ̀ wẹ́rẹ́ tó ń jáde wẹ́rẹ́. Ó dáfá kó tó lọ. Wọ́n ní kó rúbọ: ère tí à ń gbé lórí, gèlè, àti ṣaworo irin tí à ń so mọ́ ẹsẹ̀. Ó rú u. Ó gbé ère náà wọ̀, ó wé gèlè, ó so ṣaworo, ó sì jó wọ ìlú wọn. Inú wọn dùn sí i, ó sì padà wálé láyọ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbi tó ti dáfá. Ẹlẹ́rìí ìpín ni Ọ̀rúnmìlà, síbẹ̀ ó wádìí ọ̀nà kó tó fẹsẹ̀ lé e. Bí kò bá sí ohun tó ń kọ ọ́ lóminú, kí ló fẹ́ bi Ifá? Ẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀gàn nígbà náà, kò sì fi hàn pé ibi tí à ń lọ kò yẹ wá.

Ẹbọ náà ló tún wọ̀ mí lọ́kàn jù. A mọ ẹbọ tí à ń gbé lọ sídìí Èṣù, tí a óò sì fi sílẹ̀ níbẹ̀. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó fi rúbọ náà ló gbé wọ̀ wọ̀lú. Ìmúra rẹ̀ ni ẹbọ rẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé àkókò tí ọ̀kọrin Ẹ̀fẹ̀ fi ń wá orin ní kọ̀rọ̀, tó ń kọ ọ́ sétí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan, ẹbọ gan-an ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ka iṣẹ́ rẹ̀ sókè ketekete nínú yàrá, tó tún pe ọ̀rẹ́ kan pé kó wá gbọ́, ti rú tirẹ̀. Ẹni tí kò múra rárá, tó ní Orí òun á gbe òun, kò tíì rú nǹkan kan.

Ẹ tún kíyè sí i pé Ọ̀rúnmìlà kò bá wọn jà. Kò lọ fi hàn pé òun lágbára ju àwọn ìyá lọ; ohun tó máa dùn mọ́ wọn ló gbé lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí àyà wa bá ń já, ara wa là ń rò: báwo ni mo ṣe rí, kí ni wọ́n máa sọ nípa mi? Bí ọkàn bá kúrò níbẹ̀ tó bọ́ sórí ohun tí a gbé wá fún wọn, ohùn máa ń rí ibi dúró sí.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fúnra rẹ̀ kó ẹ̀kọ́ yìí sínú ètò rẹ̀. Wọn kì í ju ọ̀kọrin, tí òun náà ń jẹ́ Ẹ̀fẹ̀, sáàárín èrò lójijì. Àràbí Ajígbálẹ̀ á kọ́kọ́ wá gbálẹ̀. Ẹni tó gbé iná á jáde, ẹni tó ń paná á tẹ̀ lé e, ojú ọjà á ṣú. Tẹ̀tẹ̀dé á wá bọ́ síta, á máa ké sí Ẹ̀fẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ á dáhùn kí wọ́n tó fojú kàn án, tí ohùn rẹ̀ á ti dé ọ̀dọ̀ èrò ṣáájú ara rẹ̀. Bó bá yọ lẹ́nu ọ̀nà màrìwò, ìrùkẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún àti lọ́wọ́ òsì, tí ṣaworo ń ró lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kì í fi orin tuntun bẹ̀rẹ̀. Ìbà ló ń jú: ó ń júbà òrìṣà, ó ń júbà àwọn ìyá, ó ń júbà àwọn tó ti kọrin ṣáájú rẹ̀. Bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu. Ọ̀wọ̀ ni ìbà, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀, àmọ́ ó tún ń ṣoore fún ẹni tó ń jú u. Ọ̀rọ̀ tó ti mọ́ ọn lẹ́nu ni. Ó ń mí, ó ń gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń ró lójú ọjà, ó ń mọ ibi tí ìlù ń lọ, kó tó gbé èyí tẹ́nikẹ́ni ò gbọ́ rí kalẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n ní kẹ́ ẹ wá sọ̀rọ̀ níbi ayẹyẹ, ẹ má sáré kọjá lórí kíkí àgbà. Ẹ rọra kí wọn.

Níbi tí mo gbọ́ ìtàn Ọ̀sá Méjì yìí dé, kò sẹ́ni tó sọ pé ẹ̀rù kúrò lára Ọ̀rúnmìlà kó tó wọ̀lú. Wọ́n kàn ní ó jó wọlé ni. Ẹni tó bá ń dúró de ọjọ́ tí àyà rẹ̀ kò ní já mọ́ á pẹ́ nílé.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwa tí a jókòó. Bí Ẹ̀fẹ̀ bá dá orin tuntun, èrò ló ń gbè é. Bí ègbè bá dákẹ́, orin tó dáa jù lọ á kú sójú ọjà. Àwọn ìyá inú Ọ̀sá Méjì, bí wọ́n ti le tó, wọ́n gba àlejò tó múra wá. Nítorí náà, bí ọmọ kan bá dìde fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Ìlaròó tàbí Ayétòrò, tí ohùn rẹ̀ gbọ̀n ní gbólóhùn àkọ́kọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi í rẹ́rìn-ín, ẹ má na fóònù sí i lójú. Ẹ bá a gbe orin.