Ẹ̀ṣẹ̀ Ha Ni Láti Gbẹ́ Elégédé Bí?



Ìyá àgbà kan mú àwòrán kan tọ̀ mí wá lẹ́yìn Mísà. Ó gbà mí láyè láti sọ ọ́. Ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Amẹ́ríkà ni ó fi í ránṣẹ́. Òun, aya rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn jókòó yí tábìlì ká. Wọ́n ti kó inú àwọn elégédé ńláńlá jáde, wọ́n gbẹ́ ojú àti eyín sí wọn lára, wọ́n sì tan àbẹ́là sínú wọn nítorí Halloween. Ìyá náà ní, “Fadá, ọmọ mi ti di abọ̀rìṣà.” Láti ọjọ́ náà ni kò ti bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Halloween kò túmọ̀ sí ohun mìíràn ju àṣálẹ́ tí ó ṣáájú Ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́ lọ. Ní alẹ́ náà, àwọn ará Ireland a máa gbẹ́ ojú sára gbòǹgbò jíjẹ kan tí à ń pè ní turnip, àwọn kan sì gbà pé ó ń lé iwin. Nígbà tí wọ́n ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, pàápàá nígbà ìyàn ńlá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1845, wọ́n bá elégédé níbẹ̀. Ó tóbi, ó sì rọrùn láti gbẹ́ ju turnip lọ.

Ǹjẹ́ ibi tí ohun kan ti ṣẹ̀ wá ni ó ń sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ bí? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni a ó wí nípa Òyé-Èkìtì, níbi tí Fadá Kevin Carroll ti kó àwọn agbẹ́gilére jọ láti 1947? Bándélé wà lára wọn, ọmọ Aréògún, ẹni tí ó ń gbẹ́ ère fún ìdí òrìṣà. Ọgbọ́n ọwọ́ kan náà ni ó fi gbẹ́ ère fún ilé Ọlọ́run.

Tọ́másì Mímọ́ ará Akuínò kọ́ wa pé kí a wo ohun tí a ṣe, ìdí tí a fi ṣe é, àti bí ọ̀ràn ti rí yí i ká. Èso ni elégédé. Bàbá tí ó bá àwọn ọmọ rẹ̀ jókòó láti gbẹ́ ẹ kò bọ nǹkan kan. (Ẹ dárí jì mí, ó dùn mí bí wọ́n bá da oúnjẹ nù, níhìn-ín a ń jẹ elégédé, a sì ń fi gbọ̀rọ̀ rẹ̀ se ọbẹ̀.)

Èyí tí ó bà mí lẹ́rù ni kí ọmọdé mọ alẹ́ náà, kí ó má sì mọ Mísà ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, tàbí àdúrà tí à ń gbà fún àwọn òkú ní ọjọ́ kejì. Ìyá lè bi ọmọ rẹ̀ léèrè èyí. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ti bi í, nígbà tí kò bá a sọ̀rọ̀? Mo ka ìdákẹ́ náà sí ohun tí ó wúwo ju elégédé lọ, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Ó sunkún díẹ̀, ó sì bi mí ohun tí òun yóò fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí ó bi ọmọ-ọmọ rẹ̀ èwo nínú àwọn ojú náà ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́.